Aboud Jumbe àti ẹjọ́ ìjọba mẹ́ta: kí ló gbé ààrẹ kejì Zanzibar kúrò lórí àlééfà?

Nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá gbóná lórí àjọṣe Zanzibar àti ilẹ̀ tó kù ní Tàǹsáníà, bó ṣe tún gbóná lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, orúkọ Aboud Jumbe kì í pẹ́ jáde. Àwọn kan a sọ pé ológun ló gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ó fẹ́ ya Zanzibar sọ́tọ̀ pátápátá ni. Ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń ṣì í mú fún Abeid Karume, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ gan-an nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jumbe kọ̀wé fipò sílẹ̀ ni, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, nítorí ìbéèrè òfin kan tí ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú rẹ̀ kò tíì gbọ́ títí di òní.

Báwo ni Zanzibar àti Tanganyika ṣe di orílẹ̀-èdè kan?

Zanzibar kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo. Unguja àti Pemba ni ó tóbi jù níbẹ̀, nínú Òkun Íńdíà, ní iwájú etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Súlítánì tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Oman ló ń jọba níbẹ̀, oko kànáfùrù tí wọ́n fi ẹrú dá ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, láti ọdún 1890 sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ilẹ̀ náà sábẹ́ ààbò tiwọn. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1963, Súlítánì ṣì wà lórí ìtẹ́, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ àjọṣepọ̀ ẹgbẹ́ méjì kan tí wọ́n ń pè ní ZNP àti ZPPP. Ẹgbẹ́ Afro-Shirazi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ASP, ló ní nǹkan bí ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì ní oṣù Keje ọdún náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín àwọn ẹkùn ìdìbò mú kó jẹ́ pé àga 13 péré nínú 31 ni wọ́n rí gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìbínú ti bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fo iye yẹn.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn òmìnira, ní òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ tí ọmọ Ùgáńdà kan tó ń jẹ́ John Okello ṣáájú wọn já wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì kó àwọn ohun ìjà tó wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Súlítánì Jamshid ti bá ojú omi sá lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, pàápàá àwọn Lárúbáwá, títí di ìsinsìnyí ni wọ́n sì ń jiyàn lórí iye wọn gan-an. Mapinduzi ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀ yìí ní Zanzibar, ó sì wà nínú orúkọ ìjọba ibẹ̀ dòní. Abeid Amani Karume, olórí ASP, di ààrẹ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé Okello kúrò nílùú.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1964, Karume àti Julius Nyerere, ààrẹ Tanganyika, orílẹ̀-èdè tó wà lórí ilẹ̀ ní òdìkejì omi, fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Ìṣọ̀kan, ọjọ́ 26 oṣù náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí tó fi yá kíákíá bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn ìjọba Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé erékùṣù náà yóò di Kúbà mìíràn lẹ́bàá etíkun Áfíríkà. Karume fúnra rẹ̀ kò fọkàn tán àwọn ọ̀dọ́ alátakò-olówó tí Abdulrahman Babu ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ Nyerere náà kò fara rọ: ní oṣù Kìíní yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Tanganyika ti kọjú ìjà sí àwọn ọ̀gá wọn, tó fi di pé ó ké sí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ló wá gba iṣẹ́ ìṣọ́ náà lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjọba méjì àti ìjọba mẹ́ta?

Ibí yìí ni gbogbo wàhálà so mọ́. Ìwé Àdéhùn ọdún 1964 ya ohun 11 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ìṣọ̀kan, bí ọmọ ogun, ọlọ́pàá, àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè àti ìwé ìrìnnà. Ohun yòókù tó jẹ́ ti Zanzibar wà lọ́wọ́ ìjọba Zanzibar. Ta ló wá ni ohun yòókù tó jẹ́ ti Tanganyika? Ìjọba Ìṣọ̀kan náà ni. Tanganyika kò ní ààrẹ tirẹ̀ mọ́, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ pàápàá parẹ́ kúrò nínú ìwé. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìjọba méjì.

Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà méjì bá pa owó pọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kan, tí ẹnì kan ṣì dá ìsọ̀ tirẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹnì kejì sì kó gbogbo ọjà rẹ̀ wọnú ṣọ́ọ̀bù àjùmọ̀ni. Bó bá di àsìkò ìṣírò, onísọ̀ yóò ní èrè àjùmọ̀ni ni ẹnì kejì fi ń ra ọjà ara rẹ̀. Ẹnì kejì yóò sì dáhùn pé òun ti kó ohun gbogbo sílẹ̀, nígbà tí onísọ̀ ń jẹ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀hónú méjèèjì yìí ni ẹ ó máa gbọ́ títí dòní, ọ̀kan láti Zanzibar, èkejì láti orí ilẹ̀, ìyẹn apá tó jẹ́ Tanganyika tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ ìjọba mẹ́ta ní kí Tanganyika ní ìjọba tirẹ̀, kí Zanzibar ní tirẹ̀, kí ìjọba Ìṣọ̀kan kékeré kan sì wà lókè wọn fún ìwọ̀nba ohun tí wọ́n jọ ní. Ìhà mìíràn tún wà ní Zanzibar tó ń béèrè fún ìṣọ̀kan onímájẹ̀mú, ìyẹn ni pé kí orílẹ̀-èdè méjì tó dá dúró kàn jọ fọwọ́ sí ìwé lórí ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a rí àwọn díẹ̀ tó gbà pé ìjọba kan ṣoṣo ló yẹ kó kù.

Ohun kan tún wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú. Ìwé Àdéhùn sọ pé kí ọdún kan tó pé, kí wọ́n pe àpéjọ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tó dúró ṣinṣin. Ní ọdún 1965 wọ́n sún àpéjọ náà síwájú láìdá ọjọ́, òfin onígbà-díẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ìjọba títí di ọdún 1977. Láàárín àsìkò yẹn, ohun 11 ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀: owó níná, epo rọ̀bì àti àwọn mìíràn wọlé. Ó ti di 22 báyìí.

Ta ni Jumbe kó tó di ààrẹ?

Olùkọ́ ni. Ọdún 1920 ni wọ́n bí i, ó sì kàwé ní Makerere ní Ùgáńdà, ilé ẹ̀kọ́ tí Nyerere náà gbà kọjá. Lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún púpọ̀ ni ó gbájú mọ́ òṣèlú ASP, ó sì di mínísítà lẹ́yìn Mapinduzi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Karume hàn kedere. Atukọ̀ òkun ni Karume, ẹni tí kò kàwé púpọ̀, tó sì di gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò ní èbúté Zanzibar. Karume a máa pàṣẹ láìka ohun tí ìwé wí sí. Jumbe a máa wá ohun tí ìwé wí kó tó sọ̀rọ̀. Bí ìtàn náà ṣe parí kò ṣẹ̀yìn ìwà yìí.

Báwo ló ṣe gorí àlééfà?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Karume àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ní olú ilé ẹgbẹ́ ASP ní Kisiwandui, wọ́n ń ta bao, eré kan tó bá ayò ọlọ́pọ́n wa tan. Ibẹ̀ ni àwọn agbébọn ti wọlé bá wọn, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọ̀gágun kékeré kan, Humud Mohammed Humud, ló ṣáájú wọn, òun náà sì kú lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan gbà pé ẹ̀san ikú bàbá rẹ̀, ẹni tí ìjọba Karume mú, ló ń gbà. Ìjọba ní ìdìtẹ̀ ńlá ni, wọ́n sì ní Babu wà lẹ́yìn rẹ̀. Babu sọ pé irọ́ ni. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un ní Zanzibar nígbà tí kò sí níbẹ̀, nítorí pé Nyerere ti tì í mọ́lé lórí ilẹ̀, tí kò sì fi í ránṣẹ́. Ọdún 1978 ló tó jáde.

Ìgbìmọ̀ Mapinduzi, tí í ṣe àgbà ìgbìmọ̀ ìjọba náà, fi Jumbe sórí oyè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ojú Seif Bakari, ọ̀gágun tó lágbára nínú Ìgbìmọ̀ náà, ni àwọn ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n Nyerere kò fẹ́ kí ológun jẹ oyè ẹni tí ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Nípò yìí náà ni Jumbe ti di igbákejì ààrẹ gbogbo Tàǹsáníà, gẹ́gẹ́ bí Karume ṣe jẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Kí ló yí padà lábẹ́ rẹ̀?

Karume ṣèjọba ọdún mẹ́jọ láìsí òfin ìpìlẹ̀ tó ní láárí, láìsí ìbò. Ó pín ilẹ̀ fún tálákà, ó kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí Michenzani, ó sọ ilé ìwé àti ìtọ́jú ìlera di ọ̀fẹ́. Lọ́wọ́ kejì, ó pa àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, bí Abdulla Kassim Hanga àti Othman Sharif, láìsí ẹjọ́ tí gbogbo ayé rí. Àwọn tó bá ń yìn ín àti àwọn tó bá ń bú u, òótọ́ ni àwọn méjèèjì máa ń sọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni oníkálukú ń mú.

Jumbe dẹ okùn díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1979 ni Zanzibar ní òfin ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà Mapinduzi, èyí tó ya iṣẹ́ aṣòfin kúrò lára iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ Mapinduzi, tó sì dá Ilé Aṣojú sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní ọdún 1980. Ọdún 1980 yìí kan náà ni àwọn ará Zanzibar dìbò lórí ẹni tí yóò jẹ́ ààrẹ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Jumbe nìkan ló wà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìbò náà. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ààrẹ Zanzibar lè sọ pé àwọn ará Zanzibar ló yan òun.

Kí ló dé tó fi gbà kí ASP parẹ́?

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1977, ẹgbẹ́ TANU ti Nyerere àti ASP ti Zanzibar parapọ̀ di ẹgbẹ́ kan, Chama Cha Mapinduzi, tí a mọ̀ sí CCM. Nyerere di alága, Jumbe di igbákejì alága. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ni pé orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ aláṣẹ méjì. Ìwé òfin Ìṣọ̀kan tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún náà sọ ọ́ dájú pé ẹgbẹ́ ló ga ju ohun gbogbo lọ, ó ga ju ìjọba, ó ga ju ilé aṣòfin.

Títí di ìsinsìnyí ni àwọn kan ní Zanzibar ń dá Jumbe lẹ́bi nítorí ìpinnu yìí, ẹ̀bi náà sì ní ìdí tó ṣe kókó. Kí wọ́n tó parapọ̀, ẹgbẹ́ tó ń fa ààrẹ Zanzibar kalẹ̀, tó sì lè yọ ọ́, Zanzibar ló wà. Lẹ́yìn ìparapọ̀, agbára yẹn bọ́ sọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ CCM, níbi tí àwọn ọmọ orí ilẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tí Ìgbìmọ̀ bá kọ̀ kò lè dúró nípò, ìbáà jẹ́ pé gbogbo Zanzibar ló dìbò fún un. Jumbe fọwọ́ sí i. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni wọ́n lò ó fún un.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Dodoma ní ọdún 1984?

Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ mú ara máa kan àwọn ènìyàn. Kànáfùrù ni Zanzibar gbójú lé, àwọn ará Indonesia tí wọ́n ń fi í sínú sìgá ló sì ń rà á jù lọ. Nígbà tí Indonesia bẹ̀rẹ̀ sí í gbin tirẹ̀ tó tó o lò, iye owó kànáfùrù já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí àpò ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ń pọ̀: èló ni Zanzibar ń dá sí àpò Ìṣọ̀kan, èló ló sì ń padà wá?

Ní ọdún 1983, CCM gbé àbá àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ jáde, wọ́n sì ní kí ará ìlú jíròrò lórí rẹ̀ fún bí ọdún kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ ibi tí yóò já sí. Ní Zanzibar, àwọn ènìyàn fi àyè náà sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ láti ọdún 1964: pé Ìwé Àdéhùn kò sọ pé kí ìjọba Ìṣọ̀kan gbé Tanganyika wọ̀ bí ẹ̀wù, pé kí ìjọba mẹ́ta wà. Wolfgang Dourado, tó ti jẹ́ amòfin àgbà Zanzibar rí, wà lára àwọn tó sọ ọ́ sókè jù. Wọ́n tì í mọ́lé nítorí rẹ̀.

Jumbe kò wọ́de, kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí Ìṣọ̀kan. Ọ̀nà òfin ló gbà. Ó ní amòfin àgbà kan, Bashir Swanzy, ọmọ Gánà, tó bá a wo Ìwé Àdéhùn àti ìwé òfin ọdún 1977 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì rí i pé méjèèjì kò bá ara mu. Ìwé òfin náà ní ilé ẹjọ́ àkànṣe kan tó wà fún aáwọ̀ láàárín ìjọba méjèèjì, nínú èyí tí ìhà kọ̀ọ̀kan yóò yan ìdajì àwọn adájọ́. Ibẹ̀ ni Jumbe ń múra láti gbé ẹjọ́ lọ. Ó ti ní ìwé kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ de Nyerere lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn náà sọ pé ìwé yìí dé ọwọ́ Nyerere kí Jumbe tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbé e jáde ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni délẹ̀délẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1984, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ CCM ṣe ìpàdé pàtàkì ní Dodoma. Ohun tí wọ́n kọ sókè ìpàdé náà ni bí afẹ́fẹ́ òṣèlú ṣe bàjẹ́ ní Zanzibar. Kì í ṣe àwọn ọmọ orí ilẹ̀ nìkan ló dìde sí Jumbe. Àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú Zanzibar, pàápàá Seif Sharif Hamad tó wá láti Pemba, wà lára àwọn tó fẹ̀sùn kàn án jù lọ. Wọ́n ní ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹgbẹ́, wọ́n ní ó fẹ́ tú Ìṣọ̀kan ká. Kí ìpàdé náà tó tú, Jumbe ti fi gbogbo ipò rẹ̀ sílẹ̀: ààrẹ Zanzibar, igbákejì ààrẹ Tàǹsáníà, igbákejì alága ẹgbẹ́. Olórí àwọn mínísítà rẹ̀, Ramadhani Haji Faki, bá a lọ. Wọ́n lé Swanzy kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ilé ẹjọ́ àkànṣe tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí kò jókòó rí, ó ṣì wà nínú ìwé òfin bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó fẹ́ ya Zanzibar sọ́tọ̀ ni?

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ó sọ. Nyerere àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ìjọba mẹ́ta ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìtúká: bí Tanganyika bá ní ìjọba tirẹ̀, wọ́n ní àpò rẹ̀ àti iye ènìyàn rẹ̀ yóò mú kó má rí ìdí tí yóò fi máa gbọ́ ti ìjọba Ìṣọ̀kan tí kò ní owó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni CCM ń sọ dòní. Jumbe ní tirẹ̀ tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1994, tó fi ṣàlàyé pé òun kò tako Ìṣọ̀kan, pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọdún 1964 gan-an ni òun fẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé. Ẹni kẹta tún wà nínú iyàn náà: àwọn tó gbà pé ojú oyè Nyerere ni Jumbe ń wò, pé kí ẹnu má baà kò lórí ẹni tí yóò rọ́pò ni wọ́n ṣe tètè gbá a kúrò.

Kò lọ sí ìgbèkùn ní òkèèrè. Mji Mwema ní Kigamboni, ní òdìkejì èbúté Dar es Salaam, ló ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ló kú, wọ́n sì gbé e padà lọ sin sí Zanzibar.

Ta ló jèrè ìṣubú rẹ̀?

Ali Hassan Mwinyi ló rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1985, Mwinyi kan náà gba ipò lọ́wọ́ Nyerere gẹ́gẹ́ bí ààrẹ gbogbo Tàǹsáníà. Ọmọ rẹ̀, Hussein Mwinyi, ló ń ṣe ààrẹ Zanzibar láti ọdún 2020. Ọmọ Karume náà, Amani, ti jẹ ẹ́ láti ọdún 2000 sí 2010.

Ti Seif Sharif Hamad ló yani lẹ́nu jù. Wọ́n fi í ṣe olórí àwọn mínísítà Zanzibar lọ́gán tí Jumbe lọ. Ní ọdún 1988 wọ́n yọ òun náà, wọ́n lé e kúrò nínú CCM, wọ́n sì tì í mọ́lé lẹ́yìn náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ padà dé ní ọdún 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ CUF sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì gbé síwájú ni ìjọba mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tó fi lé Jumbe. Títí tó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tó jẹ́ igbákejì ààrẹ àkọ́kọ́ ní Zanzibar, kò sí olóṣèlú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀tọ́ Zanzibar tó o.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà kò fi parẹ́?

Nítorí pé ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń pe ìgbìmọ̀ láti béèrè, ìdáhùn kan náà ló sì ń padà wá. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́ àgbà Francis Nyalali ṣáájú dábàá ìjọba mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991 sí 1992. Ní ọdún 1993, nígbà tí Zanzibar ti dá wọ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí kí wọ́n tó ní kó jáde, aṣòfin 55 láti orí ilẹ̀ béèrè fún ìjọba Tanganyika. Nyerere ló lo gbogbo agbára ẹnu rẹ̀ láti pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí òfin padà tó fi jẹ́ pé láti ìdìbò ọdún 1995, ààrẹ Zanzibar kì í ṣe igbákejì ààrẹ Tàǹsáníà mọ́. Ọ̀pọ̀ ní Zanzibar gbà pé àga tí Ìwé Àdéhùn fún wọn ni wọ́n gbà padà.

Ní ọdún 2000, àwọn CCM tó wà ní Zanzibar fi ìbò hàn pé Mohamed Gharib Bilal ni àwọn fẹ́ bí olùdíje. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ní Dodoma yan Amani Karume. Ní ọdún 2010, Zanzibar tún òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ṣe, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé orílẹ̀-èdè ni òun, ọ̀kan nínú méjì tó para pọ̀ di Tàǹsáníà. Òfin Ìṣọ̀kan sì sọ pé orílẹ̀-èdè kan ni Tàǹsáníà. Ìwé méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ tí Joseph Warioba, tó ti jẹ́ olórí ìjọba rí, ṣáájú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú káàkiri, wọ́n sì dábàá ní ọdún 2013 pé kí ìjọba di mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ Ìṣọ̀kan sì dínkù láti 22 sí 7. Nínú àpéjọ òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2014, CCM tó pọ̀ jù níbẹ̀ dá a padà sí ìjọba méjì, àwọn ẹgbẹ́ alátakò sì bínú jáde. Samia Suluhu Hassan, ọmọ Zanzibar tó ń ṣe ààrẹ Tàǹsáníà báyìí, ni igbákejì alága àpéjọ náà. Othman Masoud Othman, amòfin àgbà Zanzibar nígbà náà, dìbò tako àwọn abala kan. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ láìpẹ́.

Kí ló wà nílẹ̀ báyìí?

Othman Masoud yìí kan náà ló bá Hussein Mwinyi dupò ní Zanzibar ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 lábẹ́ ẹgbẹ́ alátakò ACT-Wazalendo, ohun tó sì ń béèrè ni kí Zanzibar ní àṣẹ kíkún lórí ara rẹ̀. Wọ́n kéde pé Mwinyi ló wọlé pẹ̀lú ìbò tó lé ní ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún. ACT kò gbà. Lórí ilẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ alátakò CHADEMA kò ti sí lórí ìwé ìbò, tí olórí wọn Tundu Lissu sì wà látìmọ́lé lórí ẹ̀sùn ìṣọ̀tẹ̀ sí ìlú, wọ́n kéde pé Samia ní nǹkan bí ìdá 98. Ìwọ́de, ìbọn, òfin kónílé-ó-gbélé àti íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa ló tẹ̀lé e, iye àwọn tó kú sì di àríyànjiyàn.

Látàrí èyí ni ẹ̀hónú ti wá ń ti òdìkejì wá. Àwọn kan lórí ilẹ̀ ń béèrè ìdí tí ọmọ Zanzibar fi lè ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn nígbà tí àwọn kò lè rà á ní Zanzibar, àti ìdí tí ọmọ erékùṣù fi ń pàṣẹ lórí ohun tó jẹ́ ti Tanganyika nìkan, bí ọ̀nà. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 61.7 ló wà ní Tàǹsáníà, kò sì tó mílíọ̀nù 2 nínú wọn tó ń gbé Zanzibar. Àwọn ará Zanzibar ní tiwọn ń tọ́ka sí ìdá 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi ń pín ìrànwọ́ òkèèrè fún wọn, àti ọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n fi jiyàn kí wọ́n tó lè máa bójú tó epo àti gáàsì tiwọn.

Ìwé òfin tí àpéjọ ọdún 2014 fọwọ́ sí yẹ kó lọ sí ìdìbò ará ìlú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Wọ́n sún un síwájú. Ìwé òfin ọdún 1977, èyí tí Jumbe àti Swanzy fi wé Ìwé Àdéhùn, ni wọ́n fi búra fún Samia ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025.